Ajá Náà Ní Èèwọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ gírámà ló gbé wa débi tí a ti bá a pàdé. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ọ̀rọ̀ kéèkì àti búrẹ́dì ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń padà sílé lásìkò ọdún, nígbà tí iná ààrò kì í kú, tí àwọn ọmọdé sì ń lá abọ́. Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wa mọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ èèwọ̀. Ẹni tó ń bọ Ọbàtálá kì í gbé ẹmu síwájú rẹ̀, kì í sì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ilé òun tòrò kì í gbé àdín dé iwájú Èṣù. Èyí kò sọ ẹmu di ohun burúkú, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ àdín di ohun ìríra. Àdín yìí kan náà ni àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ lára. Ohun tí èèwọ̀ ń sọ ni pé ohun tó bá ẹnìkan lára mu lè má bá ẹlòmíràn mu rárá, kí oúnjẹ náà sì wà bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ ìwà hù, bí ó bá fẹ́ gbé oúnjẹ fún àlejò, yóò kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé kò sí ohun tí ẹ kì í jẹ?"

Ajá ni a kì í bi ní ìbéèrè yẹn. A ti gbà lọ́kàn ara wa pé ajá kò ní èèwọ̀ kankan. Eegun ni, ajá ló ni ín. Ọbẹ̀ àná tó ti kan ni, ẹ gbé e fún ajá. Ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná ni, ajá ń bẹ níta. Òwe wa pàápàá ràn wá lọ́wọ́ lórí rẹ̀: gbogbo ajá ló ń jẹ ìgbẹ́, èyí tó bá yí lẹ́nu ni à ń pè ní dìgbòlugi. Ẹranko tó ń jẹ ìgbẹ́ tí kò kú, kí ló kù lábẹ́ ọ̀run tí kò lè jẹ?

Ó kù. Ó kù, ó sì pọ̀, àwọn tó burú jù nínú wọn sì wà nínú àpótí àwọn tó ń ṣe kéèkì.

Bí a ṣe dé Ùsì

Olùkọ́ wa ló ní kí a lọ gba ohùn ẹ̀ka-èdè Èkìtì sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka-èdè rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Èkìtì, ulé ni wọ́n ń pe ilé, uṣu ni wọ́n ń pe iṣu, ugi ni wọ́n ń pe igi. A yan Ùsì-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sì, nítorí pé orúkọ ìlú náà gan-an ti jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí a ń wá. Àwa mẹ́ta ni a lọ, ilé bàbá tó bí ìyá ọ̀kan nínú wa ni a sì dé sí.

Oṣù Kejìlá ni. Wọ́n sá kòkó síwájú ilé, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Àbúrò ìyá ọ̀rẹ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ń ṣe kéèkì tà, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń wá láti Ìdó, Ìfàkì àti Ọ̀yẹ́. Ajá kan wà nínú ilé náà, Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá láàárín wa kì í ṣe orúkọ lásán, òwe ni ẹni tó sọ ọ́ ń pa fún ẹnìkan lẹ́yìn ògiri. Bàbá àgbà kò sọ fún wa ẹni tí òun ń pa tirẹ̀ fún. Ajá náà a máa sìn wá dé ẹnu títì ní àràárọ̀, a sì padà sílé bí a bá ti wọ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kan, a lọ sí Ìlógbò láti àárọ̀, a kò sì dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Àǹtí ti se kéèkì ṣokoléètì fún ìgbéyàwó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, a ṣàkíyèsí pé Tanímọ̀la kò lè jókòó. Ó ń rìn ká ilé, ó ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀, ó ń bì. Nígbà tó di òru, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí a bá fọwọ́ lé e láyà, ńṣe ni ọkàn rẹ̀ ń sáré bí ẹni ń lu ìlù. Gbogbo ilé ló jí. Ẹnìkan sọ ọ́, gbogbo wọn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Wọ́n ti fún ajá yìí ní májèlé."

Wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì. Kí àkùkọ tó kọ, Tanímọ̀la ti kú.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ló bà wá lẹ́rù ju ikú ajá lọ. Bàbá kan wà ní ilé kejì tí ajá náà ti pa adìẹ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, ó ti dúró ní ìta, ó ní bí ajá náà bá tún fọwọ́ kan adìẹ òun, àwọn tó ni ín yóò rí i. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tó ṣe é mọ́. Kí oòrùn tó là, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà Bàbá náà, ohùn ti ń lọ sókè, ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún. Ìdílé méjì tí wọ́n ti jọ ń pín omi kànga láti ìgbà tí Bàbá àgbà ti wà lọ́mọdé ni.

Ọ̀kan nínú wa ti pe ẹ̀gbọ́n kan lórí fóònù, ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn. A ròyìn ohun tí a rí. Ẹ̀gbọ́n yìí kò bèèrè ẹni tó bá ilé náà ṣọ̀tá. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé, "Kí ló jẹ lánàá?" Láti òru, kò sí ẹnikẹ́ni tó bèèrè bẹ́ẹ̀.

A bi àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n sọ fún wa láìfi nǹkan kan pamọ́. Páúdà kòkó ti dànù sílẹ̀ lọ́sàn-án, nǹkan bí ìdajì nínú páálí tó wúwo tó 100 gíráàmù. Wọ́n kó o sínú abọ́ tí ìyókù àpòpọ̀ kéèkì wà, wọ́n sì gbé e fún Tanímọ̀la. Inúure ni wọ́n fi ṣe é. Ajá náà lá abọ́ náà títí ó fi ń dán.

Ẹ̀gbọ́n wa bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù. Nínú gíráàmù kan páúdà kòkó tí kò ní ṣúgà, nǹkan bíi 20 mílígíráàmù ni ohun tí wọ́n ń pè ní theobromine. 50 gíráàmù yóò wá jẹ́ nǹkan bíi 1,000 mílígíráàmù. Ajá náà kò ju kílò 12 lọ. Èyí já sí pé ó lé ní 80 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀. Bí ó bá ti tó 20 lórí kílò kan, ajá yóò máa bì, kò ní lè sinmi. Láti 40 sí 50, ọkàn rẹ̀ kò ní lù déédéé mọ́. Bí ó bá tó 60, gìrì lè mú un. Ohun gbogbo tí a rí lóru ọjọ́ náà ló wà nínú ìṣirò yẹn, bí ẹ̀gbọ́n wa ṣe tò ó ni ó ṣe tẹ̀ léra.

Bàbá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó mú obì, ó sì lọ sí ilé kejì fúnra rẹ̀. A kò bá a wọlé. Nígbà tí àwọn méjèèjì jáde, Bàbá ilé kejì wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá wa kọ èyí sílẹ̀. Òní ni wọn ì bá sọ mí ní apajá, ọ̀la ni wọn ì bá sì ní mo fẹ́ pa ọmọ wọn." Ìdí tí a fi ń kọ ọ́ nìyí.

Ta ni "wọ́n"?

Ẹ jẹ́ kí á ṣe iṣẹ́ wa díẹ̀ níbí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ẹ wo gbólóhùn tí ó dá ìjà sílẹ̀: "Wọ́n ti fún ajá yìí ní májèlé." Ta ni "wọ́n"? Olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé "wọ́n" lè má tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pàtó. Bí a bá ní "Wọ́n bí mi ní Ùsì," kò sí ẹni tó ń wá àwọn tó bí mi kiri. Ṣùgbọ́n tí májèlé bá ti tẹ̀ lé e, àyè "wọ́n" yẹn kì í pẹ́ ṣófo. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bọ́ sí i, ẹni tó sì súnmọ́ jù tí a ti bá jà rí ni ọkàn yóò gbé síbẹ̀. Májèlé láàárín wa kì í ṣe ohun tí ó ṣèèṣì wà nínú oúnjẹ. Ọ̀tá ló ń fi í sí i.

Ẹ wá gbé e sí ọ̀nà kejì: "Ajá náà jẹ èèwọ̀." Ajá ni olùwà gbólóhùn. Kò sí "wọ́n" níbẹ̀. Kò sí ilé kejì, kò sí adìẹ, kò sí ìjà àná. Ìbéèrè tí gbólóhùn náà ń bí ni pé, "Èèwọ̀ wo ni, báwo ló sì ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni dókítà ẹranko nílò láti lè gba ajá là, bí ó bá ti tètè dé etí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: kí a gbà pé ajá náà ní èèwọ̀, kí a sì mọ̀ ọ́n ní orúkọ-orúkọ bí a ti mọ ti ìdílé wa.

Kòkó

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé kì í ṣe inú oko kòkó ni ajá ọdẹ Èkìtì ti ń sáré láti ayé àwọn bàbá ńlá wa? Òótọ́ ni. Owó kòkó ló rán àwọn òbí àwọn òbí wa lọ sílé ìwé. Òun ló wà lẹ́yìn ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, òun náà ló wà lẹ́yìn Ilé Kòkó tó dúró ní Ìbàdàn. Láti Ìkọ̀lé dé Ìdó, ajá ń fò kọjá lórí kòkó tí a sá, kò sì sí ohun tó ń ṣe é.

Theobromine wà nínú kóró tí a sá yẹn náà. Ṣùgbọ́n kóró kòkó korò, ajá tó bá bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan lè tu ú dànù. Ìkorò ni ẹ̀ṣọ́ tó dúró láàárín ajá àti ikú. Ohun tí àwa ń ṣe nígbà tí a bá ń ṣe kéèkì ni pé a lé ẹ̀ṣọ́ náà lọ. A ó lọ kòkó kúnná, a ó fi ṣúgà bo ìkorò rẹ̀, a ó fi bọ́tà, ẹyin àti mílíìkì sí i. Ohun tí ajá ì bá tu dànù ti wá di ohun tí yóò lá títí abọ́ yóò fi dán.

Kí ló dé tí kì í pa àwa? Ara wa a máa tètè palẹ̀ theobromine mọ́. Ara ajá kì í yára. Ó gba ajá tó wákàtí mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ kí ìdajì èyí tó jẹ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí èyí, bí ajá bá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, ọ̀sán ọjọ́ kejì ṣì lè bá a nínú ewu.

Gbogbo ṣokoléètì kò rí bákan náà. Èyí tí a fi mílíìkì ṣe, tí àwọn ọmọdé ń jẹ, ní nǹkan bíi 2 mílígíráàmù péré nínú gíráàmù kan. Ṣokoléètì kíkorò tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ní tó 15. Páúdà kòkó ló le jù. Fún ajá kílò 10, 30 gíráàmù páúdà náà, ìyẹn ṣíbí ìjẹun bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, ti tó láti fa gìrì.

Résìn, àti bí a ṣe mọ ìdí rẹ̀

Èkejì ni résìn, ìyẹn èso àjàrà tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n ń fi sí kéèkì Kérésìmesì àti búrẹ́dì aládùn. Kíndìnrín ajá ni ó ń bà jẹ́. Ajá yóò bì láàárín ọjọ́ kan, kò ní fẹ́ jẹun, yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìtọ̀ rẹ̀ lè dá pátápátá. Ajá kan lè jẹ ẹ̀kúnwọ́ kí nǹkan má ṣe é, òmíràn yóò jẹ díẹ̀, yóò sì kú. Nítorí náà, kò sí iye tí dókítà lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu.

Fún ọdún pípẹ́, àwọn oníṣègùn ẹranko rí ikú náà, wọn kò rí ohun tó ń fà á. Nínú ọdún 2021 ni àwọn dókítà ilé-iṣẹ́ ASPCA ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gba ìpè lórí ẹranko tó jẹ ohun olóró, kọ ọ́ jáde pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tartaric acid tó wà nínú èso àjàrà. Ohun tó ṣí wọn lójú ni ajá kan tó jẹ amọ̀ ìṣeré tí wọ́n pò nílé fún àwọn ọmọdé. Cream of tartar, páúdà funfun tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń mú kí funfun ẹyin le dúró, wà nínú amọ̀ náà. Kíndìnrín ajá náà bà jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti èyí tó jẹ résìn. Àwọn dókítà náà wá fi ọ̀kan wé èkejì.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé cream of tartar náà ti di èèwọ̀. Èkejì ni pé irú ásíìdì kan náà wà nínú àjàgbọn wa tí a ń lá, kí ẹni tó ní ajá yáa gbé e pamọ́ pẹ̀lú.

Àwọn èèwọ̀ yòókù

Xylitol ni ẹ̀kẹta. Ṣúgà tí kì í ṣe ṣúgà ni. Wọ́n ń fi í sí ṣingọ́ọ̀mù àti àwọn ohun tí wọ́n kọ "kò ní ṣúgà" sí lára. Bí àgbàlagbà inú ilé bá ní àtọ̀gbẹ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kó jẹ kéèkì ọdún pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, wọ́n lè ra èyí dípò ṣúgà. Kò pa ènìyàn lára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ajá bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ yóò tú insulin jáde lọ́pọ̀ yanturu, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀, nígbà mìíràn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó, ó sì lè ṣubú. Gíráàmù kan péré ti tó láti ṣe èyí fún ajá kílò 10. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bà jẹ́. Ilé-iṣẹ́ FDA ti Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìyẹ̀fun búrẹ́dì tàbí ti pọ́fù-pọ́fù tí ìwúkàrà, ìyẹn yíìsì, wà nínú rẹ̀ tí kò tíì jinná. Gbogbo ẹni tó ti pò ó rí mọ̀ pé ibi tó bá móoru ni ó ti ń wú dáadáa. Ikùn ajá móoru. Yóò máa wú síbẹ̀, yóò fẹ ikùn náà títí ẹ̀mí yóò fi le. Ìwúkàrà náà yóò sì máa sọ ṣúgà di ọtí bí ó ti ń ṣe nínú ẹmu, ajá yóò sì mutí yó láìfẹnu kan agbè. Búrẹ́dì lásán tó ti jinná kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ti tútù ni èèwọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni baking powder àti sódà ìṣekéèkì. Ìwọ̀nba tó wà nínú kéèkì tó ti jinná kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ajá bá rí páálí rẹ̀ já, tó sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ó lè da omi àti iyọ̀ inú ara rẹ̀ rú, kí ó máa bì, kí iṣan rẹ̀ máa gbọ̀n. Ẹni tó mọ káún mọ irú rẹ̀: díẹ̀ ni à ń bù sí ìkòkò, a kì í bù ú jẹ.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé nutmeg tí wọ́n ń rìn sí kéèkì àti ṣinṣín; púpọ̀ rẹ̀ lè mú kí ajá máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì máa sáré. Kí a má gbàgbé èso tí wọ́n rẹ sínú ọtí fún kéèkì ọdún, nítorí èèwọ̀ méjì ló wà nínú abọ́ kan yẹn, résìn àti ọtí. Àlùbọ́sà inú míìtì páì náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ajá ni àlùbọ́sà ń bà jẹ́, yálà ó tútù ni, yálà ó jinná, yálà wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná.

Bí ó bá ti jẹ ẹ́

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ fún wa, tí àwa náà sì ń sọ fún yín, nìyí.

Ẹ kó ìyókù kúrò níwájú ajá. Ẹ má ju páálí tàbí ọ̀rá rẹ̀ nù. Ẹ wo ohun tó jẹ, ẹ fojú díwọ̀n iye rẹ̀, ẹ rántí aago tó jẹ ẹ́, ẹ sì díwọ̀n bí ajá náà ṣe wúwo tó. Ohun mẹ́rin yìí ni dókítà ẹranko yóò bèèrè. Ẹ pè é lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró kí ajá máa gbọ̀n kí ẹ tó pè. Bí wọ́n bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó lè fún ajá ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un bì, tàbí èédú ìṣègùn tí yóò gba oró náà mọ́ra kó tó wọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. A mọ̀ pé ohun tí àwọn òbí wa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n epo kì í pa theobromine, ajá tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fún un ní omi iyọ̀ kó lè bì, nítorí iyọ̀ púpọ̀ fúnra rẹ̀ lè pa ajá. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá tí gìrì ń mú. Dìgbòlugi ṣì wà ní ilẹ̀ wa, ẹ kò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá òun ni.

A mọ̀ pé dókítà ẹranko kò sí ní gbogbo ìgboro. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè gbé ajá lọ sí ilé-ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì, ẹni tó wà ní Ìlọrin tàbí Abẹ́òkúta náà wà nítòsí yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣègùn ẹranko. Láti Ùsì, ọ̀nà jìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù dókítà ẹranko kan gbọ́dọ̀ wà lára ògiri ilé ìdáná kí ọdún tó dé, kí a tó máa wá a kiri lóru. Ìdí nìyẹn náà tí ìkìlọ̀ fi ṣe pàtàkì ju ìwòsàn lọ fún wa.

Àwọn ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Àwọn ló ń fọ abọ́, àwọn ló fẹ́ràn ajá jù, àwọn ni yóò sì pín adùn ọwọ́ wọn fún un. Ẹ má fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bí wọ́n ṣe sọ èèwọ̀ ìdílé fún yín: "Àwa kì í jẹ èyí, Ajá kì í jẹ tọ̀hún." Ọmọ tó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé, nítorí pé ó ti di ara ohun tí ilé rẹ̀ ń jẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ajá ní nǹkan ọdún, ẹran tí kò ní àlùbọ́sà àti ata wà, iṣu sísè wà, ìrẹsì lásán wà.

Àwọn àgbà ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ni ó ń pa ọ̀bọ. Ẹ jẹ́ kí a wà lẹ́yìn tiwa nínú ilé ìdáná náà. A ti kọ àwọn èèwọ̀ wọ̀nyí sórí ìwé pélébé kan ní Yorùbá àjùmọ̀lò: páúdà kòkó àti ṣokoléètì, résìn àti àjàrà, cream of tartar, xylitol, ìyẹ̀fun oníwùúkàrà tútù, baking powder àti sódà, nutmeg, ọtí, àlùbọ́sà. Àǹtí ti lẹ tirẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀. Bàbá ilé kejì náà gba ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adìẹ nìkan ló ń sìn.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ìgbómìnà, Kétu àti ibi gbogbo, ẹ bá wa túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀ka-èdè ilé yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Èyí tí a ṣe ní èdè Èkìtì ti wà nílẹ̀. Bàbá àgbà ló bá wa tún un ṣe, "ulé" ló sì kọ́kọ́ fi rọ́pò "ilé" kó tó dé orí ohunkóhun mìíràn.